Ìràwọ̀ Ọkọ̀ àti Èkejì Rẹ̀: Ohun Tí Ojú Rí àti Ohun Tí Òṣùwọ̀n Fìdí Rẹ̀ Múlẹ̀

Àwọn àgbà Yorùbá máa ń pa á lówe pé, Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbójú sókè ní àṣálẹ́ lè rí ìràwọ̀ títàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù, kí ó sì rò pé ẹrú ló ń tẹ̀ lé olúwa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Àgùàlà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus, kò bá oṣù tan rárá. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń tọ̀ yípo oòrùn. Ibi tí ọmọ ènìyàn dúró sí lórí ilẹ̀ ayé ló mú kí àwọn méjèèjì dà bí ẹni tó jọ ń rìn.

Àwọn ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ gan-an ló wà ní ìdí rẹ̀. Bí ojú bá rí ìràwọ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n so mọ́ra lóòótọ́, tàbí pé ọ̀kan kàn wà lẹ́yìn èkejì lọ́nà jíjìn réré? William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1779. Ní ọdún 1803 ló tó kéde ohun tó rí: àwọn kan nínú wọn, bí i ìràwọ̀ méjì tó para pọ̀ di Castor, ń yí ara wọn po bí oníjó méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú. Irú wọn ni a ó máa pè ní ìràwọ̀ ajùmọ̀yípo nínú àròkọ yìí. Ó gba Herschel ní ọdún tó lé ní 20 kó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àgùàlà àti oṣù.

Ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ ajùmọ̀yípo tí òkìkí wọn kàn jù lọ ń yọ lókè Èkó lọ́dọọdún. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé, bí wọ́n bá mú iná lọ ní Mushin tàbí Súrùlérè, tí ọ̀yẹ́ kò sì nípọn jù, ẹni tó bá jáde síta yóò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ lójú ọ̀run. Bí ó bá fi ojú tẹ̀ lé ìlà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, yóò kan ìràwọ̀ funfun kan tó ń kọ mànà ju gbogbo ìràwọ̀ òru yòókù lọ. Sirius ni àwọn òyìnbó ń pè é. Wọ́n tún ń pè é ní Ìràwọ̀ Ajá.

Yorùbá ní orúkọ tirẹ̀ fún un. A. B. Ellis, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìwé kan jáde ní London ní ọdún 1894 nípa àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ni wọ́n ń pe Sirius, nítorí pé àwọn atukọ̀ gbà pé ó ń tọ́ àwọn sọ́nà. Orúkọ náà bá ìlú Èkó mu. Ìlú tó ní Èbúté Mẹ́ta, tí ọ̀sà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà ọjà kí títì tó wà, yóò nílò ìràwọ̀ tí a fi ń tukọ̀ lóru.

Ìràwọ̀ Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni. Ojú lásán kò sì rí èkejì rí, bó ti wù kí ojú náà mú tó. Ìtàn bí aráyé ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àti ìtàn àwọn tó sọ pé àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, ní ẹ̀kọ́ nínú fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi ohun tí àwọn baba ńlá mọ̀ yangàn láì fi irọ́ kún un.

Friedrich Wilhelm Bessel ló kọ́kọ́ fura. Ìlú Königsberg, tó wà lábẹ́ ìjọba Prussia nígbà náà, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé Sirius kì í rìn tààrà lójú ọ̀run. Ó ń yà sí ọ̀tún, ó ń yà sí òsì, bí ẹni tó ru ẹrù tí kò dọ́gba. Ní ọdún 1844, ó kéde pé ohun kan tí ojú kò rí ló ń fà á. Bessel kú ní ọdún 1846 láì rí ohun náà.

Ọdún méjìdínlógún ló kọjá lẹ́yìn ìkéde rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1862, Alvan Graham Clark, tí òun àti bàbá rẹ̀ ń ṣe awò awọ̀nàjíjìn ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ń dán awò ńlá kan wò. Yunifásítì Mississippi ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ awò náà, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kò jẹ́ kó débẹ̀. Clark kọ ojú awò sí Sirius, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ kíún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ibi tí ìṣirò fi hàn pé ó yẹ kó wà. Nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ńlá náà fi ju ti èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú kò fi lè rí i: ta ni yóò rí iná kòkòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mọ́tò tó kọjú síni?

Ìyanu tó kù wá fara hàn ní ọdún 1915. Walter Adams, ní ibùdó Mount Wilson ní California, ya ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kékeré náà sọ́tọ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, ó sì rí i pé ó gbóná gan-an. Ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè tóbi. Ó wá hàn pé ìràwọ̀ náà wúwo tó oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni títóbi rẹ̀ kò ju ti ilẹ̀ ayé lọ. Ọdún 50 ló ń gbà á láti yípo ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Jíjìnnà wọn sí ayé jẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ 8.6: ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú ará Mushin lálẹ́ yìí ti kúrò lára ìràwọ̀ náà láti ọdún mẹ́jọ ó lé díẹ̀ sẹ́yìn.

Kí ni àǹfààní gbogbo wàhálà yìí? Òṣùwọ̀n ni. Kò sí ẹni tó lè gbé ìràwọ̀ sórí ìwọ̀n bí alájàpá ṣe ń gbé ẹran sórí ìwọ̀n lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ méjì bá ń yí ara wọn po, bí ọ̀nà wọn ṣe fẹ̀ tó àti iye àkókò tí wọ́n ń lò yóò sọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Lára àwọn ajùmọ̀yípo ni aráyé ti kọ́ bí ìràwọ̀ ṣe ń wúwo. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ bí wọn yóò ṣe pẹ́ láyé tó àti irú ikú tí wọn yóò kú.

Ìṣòro ńlá kan wà níbẹ̀. Sirius àti èkejì rẹ̀ jìnnà síra díẹ̀, awò kan ṣoṣo tó dára lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ajùmọ̀yípo ló sún mọ́ra ju èyí lọ fíìfíì. Ẹ wo ìràwọ̀ Capella, tí àwọn ará Èkó lè rí ní apá àríwá ọ̀run nígbà ọ̀yẹ́. Láti ọdún 1899 ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀, láti inú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, pé ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí awò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ní òye bí àlàfo àárín wọn ṣe kéré tó lójú ẹni tó wà láyé, ẹ jẹ́ kí á ní ẹnì kan dúró sí Ojúẹlẹ́gba, tó ń wo fìtílà méjì ní Ìbàdàn, tí kò sí igi tàbí òkè kankan tó dínà. Kí àlàfo àárín fìtílà méjèèjì má ju ìbú ìka méjì lọ. Ohun tó yẹ kí ó rí pé méjì ni nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ ayé tún ń dá kún un. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa kì í dúró jẹ́ẹ́, ó ń mì bí ooru ṣe ń mì lórí títì ọ̀dà lọ́sàn-án gangan. Òun ló ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Bó ti wù kí awò tóbi tó, ìmìtìtì yẹn á sọ ìràwọ̀ méjì tó sún mọ́ra di àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ kan.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti inú ohun tí ọmọdé èyíkéyìí ní Mákòókò lè fi omi ọ̀sà dán wò. Bí a bá ju òkúta méjì sínú omi tó pa rọ́rọ́, ìgbì yóò tàn ká láti ara òkúta kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìgbì méjèèjì ti pàdé, bí orí ìgbì bá bọ́ sórí ìgbì, omi á ga sí i. Bí orí ìgbì bá bọ́ sínú kòtò ìgbì, omi á pa rọ́rọ́ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ náà. Bí a bá fi dígí méjì tó jìnnà síra gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan, tí a sì kó ìmọ́lẹ̀ méjèèjì jọ síbì kan, ìlà dúdú àti ìlà funfun yóò tò tẹ̀ léra. Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ìlà ti ọ̀kan yóò bọ́ sórí ti èkejì. Bí a bá ń sún àwọn dígí náà síra tàbí tí a ń yí wọn, àwọn ìlà náà á máa hàn ketekete, wọ́n á sì tún máa pòórá. Ibi tí wọ́n ti pòórá ló ń sọ bí ìràwọ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra tó àti ìhà tí èkejì wà. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní íntáfẹrọ́mítà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: dígí kékeré méjì tó jìnnà síra ní mítà 100 lè rí ìyàtọ̀ kíún tí awò kan ṣoṣo kò lè rí àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà 100.

Hippolyte Fizeau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dábàá ọgbọ́n yìí ní ọdún 1868. Albert Michelson ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di iṣẹ́. Ní ìparí ọdún 1919 àti nínú ọdún 1920, John Anderson lo ọgbọ́n Michelson lórí awò ńlá Mount Wilson, ó sì ya Capella sọ́tọ̀. Ìràwọ̀ méjì náà ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 104. Bí wọ́n ṣe fi ìdàlù ìmọ́lẹ̀ wọn ìràwọ̀ ajùmọ̀yípo nìyẹn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1920 kan náà, Michelson àti Francis Pease lo ọ̀pá irin ẹsẹ̀ 20 tí wọ́n dè mọ́ orí awò yẹn láti wọn bí ìràwọ̀ Betelgeuse ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pease kọ́ ẹ̀rọ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìmìtìtì afẹ́fẹ́ àti gbígbọ̀n irin kò jẹ́ kó lọ jìnnà. Iṣẹ́ náà sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ló tún ta á jí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Robert Hanbury Brown àti Richard Twiss ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ronú ọ̀nà mìíràn. Wọn kò ní kó ìmọ́lẹ̀ jọ mọ́. Dígí kọ̀ọ̀kan yóò gba ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, yóò sọ ọ́ di agbára iná mànàmáná, àwọn yóò sì fi wé ara wọn bóyá ìmọ́lẹ̀ méjèèjì jọ ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn dígí bá ṣe ń jìnnà síra ni ìbáramu náà yóò máa dín kù, bó sì ṣe ń dín kù ni yóò sọ títóbi ìràwọ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì kan fárígá, wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe. Àwọn méjèèjì kò bá wọn jà lórí bébà nìkan. Wọ́n wá dígí iná ńlá méjì tí àwọn ológun fi ń wá ọkọ̀ òfuurufú lóru, wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Jodrell Bank, wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí Sirius nígbà òtútù ọdún 1955 sí 1956.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbí. Ní Jodrell Bank, Sirius kì í ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 20 lọ lókè ilẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ tó nípọn, lẹ́bàá orí ilé àti igi, ló máa ń wà. Ní Èkó, ó ń ga tó ìwọ̀n 67, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí. Ohun tí àwọn ará Yábàá rí lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn wọ̀nyẹn ń wò láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀run nínú òtútù. Síbẹ̀, wọ́n ṣe é. Wọ́n wọn Ìràwọ̀ Ọkọ̀, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 1956. Títóbi rẹ̀ lójú ẹni tó wà láyé kò ju hóró ọkà bàbà kan ní Ìbàdàn tí ẹni tó wà ní Èkó ń wò.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ tó tóbi sí Narrabri ní Ọsirélíà: dígí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 6.5, tó ń rìn lórí irin ojú ọ̀nà rélùwéè tó yí ká. Ìràwọ̀ 32 ni wọ́n wọn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Spica, ajùmọ̀yípo tí àwọn méjèèjì inú rẹ̀ ń yí ara wọn po ní ọjọ́ mẹ́rin péré. Nínú èsì tó jáde ní ọdún 1971, wọ́n fi ìwọ̀n yẹn mọ bí Spica ṣe wúwo tó àti bí ó ṣe jìnnà sí ayé tó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n dé yìí ni ọ̀rọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wọlé. Ní ẹ̀bá òkè Bandiagara ní ilẹ̀ Mali ni àwọn ènìyàn Dogon ń gbé. Marcel Griaule, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣèwádìí àṣà, kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 1931. Ní ọdún 1950, òun àti Germaine Dieterlen tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn àgbà Dogon kan sọ fún àwọn pé ìràwọ̀ kékeré kan ń yí Sirius po. Po tolo ni wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, tí wọ́n fi ọkà wẹ́wẹ́ tí àwọn Hausa ń pè ní acha sọ lórúkọ. Ó kéré, ó wúwo ju ohun gbogbo lọ, ọdún 50 ló sì fi ń yípo. Bí àwọn tí kò ní awò ṣe mọ èyí, Griaule àti Dieterlen ní ìbéèrè náà kò tíì yanjú.

Ní ọdún 1976, Robert Temple kọ ìwé kan tó yanjú rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ó ní àwọn àlejò láti ọ̀dọ̀ Sirius ló wá sáyé láyé àtijọ́, àwọn ló sì fi ìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìwé náà tà gan-an. Títí di òní, ìtàn Dogon àti Sirius ṣì ń tàn kálẹ̀ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà sì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn pẹ̀lú ìdùnnú. Ìdùnnú náà yéni. Ìran tí a ti fi ọdún gbọọrọ pè ní aláìmọ̀kan yóò fẹ́ ìtàn tó fi hàn pé òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á yẹ ẹ̀bùn náà wò kí á tó gbà á. Ẹni tó ní àlejò láti òfuurufú ló kọ́ Dogon ní ìmọ̀ kò yin Dogon. Ohun tó ń sọ ni pé ọgbọ́n ibẹ̀ kò lè jẹ́ tiwọn.

Walter van Beek, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, bá àwọn Dogon gbé, ó sì ṣe ìwádìí láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1991, ó tẹ èsì rẹ̀ jáde: kò rí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìràwọ̀ méjì ni Sirius. Àwọn tó bá sọ̀rọ̀ kò fẹnu kò lórí ìràwọ̀ tí àpilẹ̀kọ ọdún 1950 ń sọ, wọ́n sì ní ọ̀dọ̀ Griaule ni àwọn ti gbọ́ ọ. Geneviève Calame-Griaule, ọmọ Griaule tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa Dogon, dá a lóhùn ní ọdún kan náà. Ó gbèjà iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì ní ìmọ̀ awo kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń mọ̀. Ìdáhùn náà ní ìtumọ̀ létí Yorùbá, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá náà mọ ohun tí à ń pè ní awo.

Ṣùgbọ́n ohun méjì kan wà tí kò ṣeé gbójú fò. Èkíní, nígbà tí Griaule fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Dogon ní ọdún 1931, ó ti tó ọdún 16 tí Adams ti ṣí àṣírí èkejì Sirius, ìròyìn rẹ̀ sì ti wọ inú ìwé tí àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ ń kà ní Yúróòpù. Ìmọ̀ lè rin ìrìn àjò pẹ̀lú àlejò, kí ó sì ti ẹnu onílé jáde. Èkejì, àpilẹ̀kọ ọdún 1950 tún sọ nípa ìràwọ̀ kẹta. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tẹ èsì ìwọ̀n tí awò òfuurufú Hubble fi nǹkan bí ọdún 20 ṣe jáde. Wọ́n fi ìdí ọdún 50 náà múlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìràwọ̀ kẹta. Òṣùwọ̀n kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Kò sì mọ ojú òyìnbó pàápàá. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tó ń lo ibùdó awò ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní orílẹ̀-èdè Chile kéde pé àwọn ti rí ihò dúdú kan nínú ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní HR 6819, ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,000 sí ayé. Wọ́n ní òun ló sún mọ́ ayé jù lọ nínú gbogbo èyí tí a mọ̀ nígbà náà. Ìròyìn náà gba ayé kan. Àwọn mìíràn ní Belgium kò gbà. Wọ́n ní ìràwọ̀ méjì lásán ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kan ti fa ohun ìní èkejì mu. Dípò èébú, àwùjọ méjèèjì jọ béèrè fún ìwọ̀n tuntun. Wọ́n lo íntáfẹrọ́mítà Paranal ní Chile, níbi tí wọ́n ti ń da ìmọ́lẹ̀ awò mẹ́rin pọ̀. Èsì jáde ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022: kò sí ihò dúdú kankan. Ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po, àlàfo àárín wọn kò sì ju ìdá mẹ́ta ọ̀nà ayé sí oòrùn lọ. Àwọn tó kéde ti àkọ́kọ́ fi orúkọ wọn sí èyí tó tako ara wọn, kò sì dín ògo wọn kù.

Ẹ̀kọ́ tó kù fún ilé nìyẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn ọmọ Áfíríkà kò nílò ìtàn àlejò láti òfuurufú kí wọ́n tó ní ipò nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà, wà ní Cambridge pẹ̀lú Antony Hewish ní ọdún 1965 nígbà tí àwọn méjèèjì fi ìgbì rédíò rí ohun kékeré kan tó lágbára láàárín ìkúukùu Crab. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ayé mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ kan tó ń yí bí òkòtó ló wà níbẹ̀. Okoye padà sílé, ó sì dá ibùdó ìwádìí òfuurufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka. Ní ọdún 2017, Ghana sọ àwo sátẹ́láìtì àtijọ́ kan ní Kuntunse, tó fẹ̀ tó mítà 32, di awò rédíò tó lè bá àwọn mìíràn da ìgbì pọ̀. Nàìjíríà náà kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní Namibia, ní ọdún 2022, wọ́n fi àwọn awò ńlá H.E.S.S. sọ ọgbọ́n Hanbury Brown jí, wọ́n sì fi wọn ìràwọ̀ láti orí ilẹ̀ Áfíríkà.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akọkà, ọ̀sà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògiri kan, ihò tóóró méjì àti iná kan tó fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti rí ìlà dúdú àti funfun tí Fizeau àti Michelson lò. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lè ṣe é ní kíláàsì ní Súrùlérè tàbí Mushin láàárín wákàtí kan.

Èyí tó ń kánjú jù lọ wà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Orúkọ Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ni ìmọ̀ tó dájú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó gbọ́ ọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1894, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sọ pé àwọn atukọ̀ mọ̀ pé méjì ni. Ó sọ pé wọ́n mọ ibi tí ìràwọ̀ náà ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fi ẹ̀mí wọn lé e lọ́wọ́ lóru. Ṣùgbọ́n mélòó ni ọ̀dọ́ Èkó tó tíì gbọ́ orúkọ náà rí? Àwọn orúkọ ìràwọ̀ mìíràn, àti ohun tí a ń fi wọ́n ṣe, ṣì lè wà lẹ́nu àwọn àgbà apẹja àti atukọ̀ ní etí ọ̀sà, láti Ẹ̀pẹ́ dé Badagry. Ìwọ̀n ìràwọ̀ kò ní sá lọ. Sirius yóò tún yọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnu tó mọ orúkọ ni kì í pẹ́ títí. Ẹni tó bá ní ìwé àti kálàmù lọ́wọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn, kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ gan-an, kó má fi kún un.